Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Oògùn Bá Tán

Ní ọjọ́ kan ní Òkìtìpupa, mo wà ní ilé ìtajà oògùn kan, mo fẹ́ ra oògùn ikọ́ fún ọmọdé, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan wọlé. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú káàdì oògùn kan tí ó ti ṣófo jáde, ó nà án sí ọmọbìnrin tí ń tajà, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wá irú èyí. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni." Ẹni tí ó ta á fún un tẹ́lẹ̀ ti fi àlùmọ́gàjí gé káàdì náà, nítorí pé hóró mẹ́rin ni owó ìyá náà ká lọ́jọ́ náà, orúkọ oògùn sì ti bá ibi tí wọ́n gé lọ. Ohun tí ó kù lára rẹ̀ kò ju "dipine" lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ rẹ̀ parí báyìí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Amlodipine wà, nifedipine wà. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, bí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara kò rí bákan náà. Ọmọbìnrin náà ti na ọwọ́ sí orí pẹpẹ láti mú ọ̀kan, bóyá èyí tí ó tọ́ ni, bóyá òun kọ́, nígbà tí apòògùn tí ó ni ibẹ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé àga fún ìyá náà. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o. Láti ọjọ́ wo ni èyí ti tán lọ́wọ́ yín?" Màmá ní ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Apòògùn gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wé e mọ́ ọn lápá. Ti òkè jẹ́ 190, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 110. Màmá ní kò sí ohun tí ó ń ṣe òun, àfi pé orí ń fọ́ òun díẹ̀, òun sì rò pé oòrùn ni.

N kò fi ìtàn yìí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Apòògùn tẹ dókítà ìyá náà láago, wọ́n mọ orúkọ oògùn náà dájú, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ó lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wálé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ìyá yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Bí epo bá ku kẹ́ẹ̀gì kan nílé rẹ̀, ó ti mọ ọjọ́ tí yóò ra òmíràn. Kí ni ó wá dé tí oògùn tí ó mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni òun yóò máa lò fi tán fún ọjọ́ mẹ́sàn-án?

Bí a ti kọ́ oògùn lílò nílé wa ni ó kọ́kọ́ ń tàn wá jẹ. Ibà ni ó kọ́ wa. Ẹni tí ibà bá mú a lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí oògùn bá tán, ibà ti lọ, ó di ìgbà mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wárápá. Oògùn wọn kì í lé àrùn náà jáde kúrò lára. Ńṣe ni ó ń dì í mú. Àwọn ará wa tí ń tukọ̀ lórí Odò Olúwa yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí: ẹni tí ń tukọ̀ lòdì sí ìṣàn omi, tí ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ ń lọ dáadáa, omi yóò gbé e padà sí ibi tí ó ti ń bọ̀.

Àwọn oògùn kan tilẹ̀ wà tí dídá wọn dúró lójijì burú ju kí a má lò wọ́n rí lọ. Bí ẹni tí ń lo clonidine fún ẹ̀jẹ̀ ríru bá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ lè fò sókè ju ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ń lo propranolol tàbí atenolol nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn wárápá tí ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ lè mú kí gìrì máa gbé ènìyàn tẹ̀ léra. Prednisolone tí a ti lò pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù títí a ó fi fi í sílẹ̀, dókítà ni yóò sì sọ bí a ó ti ṣe é.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní owó ni. Òótọ́ ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ó ti ń ta oògùn ní Nàìjíríà láti ayé àwọn bàbá wa, kéde pé òun ń kógbá wọlé. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ Sanofi ti ilẹ̀ Faransé ní òun yóò fi iṣẹ́ títa oògùn òun lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Náírà ti ṣubú ní àkókò kan náà. Ventolin tí àwọn oní-ásímà ń fà sí ẹnu wọ́n bí ojú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ kan láti mú owó orí kúrò lórí àwọn ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ wa fi ń po oògùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra oògùn lóṣooṣù mọ ohun tí ojú òun rí.

Ohun tí mo ń jà fún ni pé kí ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣe dá ìpinnu náà ṣe nínú yàrá. Bàbá kan ń pín hóró kan sí méjì. Ìyá kan ń lo tirẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó ń fo ọjọ́ kejì. Ẹlòmíràn ń fi oògùn pamọ́ de ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ. Gbogbo wọn rò pé àwọn ń ṣún oògùn lò, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná sí i ni wọ́n ń dà nù. Bí wọ́n bá sọ fún apòògùn pé, "Ọ̀gá, owó yìí ti pọ̀ jù fún mi," ó ní ohun tí ó lè ṣe. Oògùn kan náà lè ní orúkọ mẹ́wàá. Norvasc ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ Pfizer fún amlodipine, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe amlodipine tí owó rẹ̀ kéré sí i gan-an, tí NAFDAC sì ti fọwọ́ sí. Bí kò bá sí èyí tí ó rọrùn tó, apòògùn lè bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó yan òmíràn. A kì í tijú ẹni tí yóò wò wá sàn.

Ní ti bí a ó ti máa wá oògùn kí ó tó tán, kò le rárá. Kí ẹni tí ń lo oògùn ojoojúmọ́ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, bíi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi tàbí lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, kí ó tú oògùn sílẹ̀ kí ó kà á. Bí ó bá ku ti ọjọ́ méje, àkókò tó láti lọ. Ọjọ́ méje yẹn ní ìdí: apòògùn lè má ní in lórí pẹpẹ, ó lè ní láti ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ tàbí Èkó, òjò lè ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀fọ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí. Ẹni tí ó lọ ní ọjọ́ tí oògùn tán kò ní àyè láti dúró, ohunkóhun tí wọ́n bá sì gbé fún un ni yóò gbà.

Kí ó mú ìwé tí dókítà kọ dání, kì í ṣe káàdì tí wọ́n gé. Bí ìwé bá ti sọnù, kí ọmọ ilé fi tẹlifóònù ya páálí oògùn ní àwòrán, níbi tí orúkọ àti ìwọ̀n mílígírámù rẹ̀ ti hàn, nígbà tí ó ṣì kún. Amlodipine 5 kì í ṣe amlodipine 10. Mo ti rí ilé tí wọ́n lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá ìyá wọn, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, iye ìgbà lójúmọ́, àti nọ́ńbà dókítà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọmọ tí kò ju ọdún méjìlá lọ fi lè ka gbogbo rẹ̀ fún apòògùn lórí tẹlifóònù.

Ohun kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: kí ènìyàn ní apòògùn kan, bí ó ti ní télọ̀ kan. Ẹni tí ó ń ra ti oṣù yìí níhìn-ín, ti oṣù tí ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò rí gbogbo ohun tí ó ń gbé mì. Bàbá kan tí ń gé ẹyìn lóko ọ̀pẹ, tí ẹ̀yìn àti orúnkún ń dùn, lè máa lo lisinopril àti oògùn tí ń mú ìtọ̀ jáde fún ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láti ilé ìtajà kan, kí ó sì tún ra diclofenac tàbí ibuprofen fún ara ríro ní ilé ìtajà kejì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, diclofenac àti ibuprofen pẹ̀lú a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ṣiṣẹ́ lásán. Apòògùn tí ó mọ bàbá náà yóò ní, "Bàbá, ẹ má ra èyí, ẹ gba paracetamol." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sọ ti àgbo náà fún un. N kò bá àgbo jà. Ìyá mi sè é fún wa. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń re sínú ọtí, tí a kò mọ ibi tí ọtí náà ti wá, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin ọdún 2015, tí àwọn ènìyàn ń kú láàárín ọjọ́ kan péré, tí ojú ń ṣú wọn kí wọ́n tó dákú. Àwọn kan pè é ní ọ̀rọ̀ òrìṣà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba wádìí rẹ̀, methanol, májèlé tí ó wà nínú ọtí tí wọ́n mu, ni wọ́n kà sí ohun tí ó fà á.

Wàyí o, kí àwọn tí ń ta oògùn ní kẹ́míìsì má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ní abúlé púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn nìkan ni ó wà nítòsí, àwọn ni a sì ń kan ilẹ̀kùn wọn lóru. Ṣùgbọ́n kẹ́míìsì kì í ṣe apòògùn. Apòògùn ti kàwé ní yunifásítì fún ọdún púpọ̀, Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn apòògùn ní Nàìjíríà sì ń fún un ní ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, èyí tí ó yẹ kí ó wà lára ògiri níbi tí a ti lè rí i. Ìwé àṣẹ ti kẹ́míìsì jẹ́ fún àwọn oògùn tí a lè rà láìsí ìwé dókítà, bí oògùn orí fífọ́ àti ti inú kíkùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ àti ti wárápá kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìlútitun tàbí Igbótako, tí kò sí apòògùn nítòsí rẹ̀, lè tẹ apòògùn tirẹ̀ láago, kí ó fi owó ránṣẹ́, kí ẹni tí ó mọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Òkìtìpupa bá a mú un bọ̀, bí a ti ń rán ara wa ní pupuru àti ẹja. Kí ó wo páálí nígbà tí ó bá dé: nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, àti orúkọ tí ó bá ti ìwé mu.

Àwọn apòògùn náà ní ẹ̀bi tiwọn, mo sì fẹ́ kí wọ́n kà á. Ìwé àṣẹ apòògùn ń bẹ lára ògiri ní àwọn ilé ìtajà kan, ṣùgbọ́n apòògùn fúnra rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, ó ti fi orúkọ rẹ̀ yá olówó, ọmọbìnrin tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún tó kọjá ni ó ń pín oògùn. Ẹ̀tàn ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé, "Apòògùn dà?" Bí ẹ bá bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ kò rí i, ẹ lọ síbòmíràn.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dúró síbi kan fún ọdún méjì, tí ó ń lo oògùn kan náà, kí ni ìdí tí ẹ fi ń kọ ti ọ̀sẹ̀ méjì fún un, tí yóò wọ ọkọ̀ wá, tí yóò tò láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, nítorí ìwé kan? Ní Ìlú Ọba, ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ dókítà sí ọ̀dọ̀ apòògùn nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà, aláìsàn yóò kàn lọ gba oògùn rẹ̀ ní àdúgbò, títí di ìgbà tí àyẹ̀wò rẹ̀ yóò fi pé. A kò tí ì ní kọ̀ǹpútà yẹn, ṣùgbọ́n ìwé oṣù mẹ́ta kò nílò kọ̀ǹpútà. Gègé ni ó nílò. Bí dókítà bá sì kọ "kí ó tún gbà á ní ìgbà méjì sí i" sí ìsàlẹ̀ ìwé, apòògùn mọ ohun tí yóò ṣe.

Kí n má gbàgbé àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun. Inú òbí a máa dùn nígbà tí oògùn bá ti London tàbí Amẹ́ríkà dé. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi Norvasc ránṣẹ́ sí, tí ó sì ń gba amlodipine ní Òkìtìpupa, oògùn kan náà ni ó ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, òòyì yóò sì máa kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní salbutamol níhìn-ín, albuterol ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Bí ẹrù bá dé, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún apòògùn yín kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kàn án. Èyí tí ì bá tilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kí ọmọ náà ní nọ́ńbà apòògùn ìyá rẹ̀, kí ó máa san owó oṣù fún un láti ibẹ̀.

Ti insulin fún àwọn alátọ̀gbẹ ń fẹ́ ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Gbogbo wa ní ìhà Gúúsù Oǹdó mọ ọdún tí a fi wà láìsí iná mànàmáná, insulin kò sì fẹ́ ooru. Èyí tí a kò tí ì ṣí ni kí ẹ bẹ apòògùn pé kí ó máa bá yín tọ́jú sínú fíríìjì rẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kí ẹ máa gba ìgò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ti ṣí lè lò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níta fíríìjì bí ibẹ̀ bá tutù: ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, kí ìkòkò náà wà nínú èyí tí ó tóbi jù ú lọ, kí iyanrìn tútù wà láàárín méjèèjì, níbi tí oòrùn kò dé. Ìkòkò tí àwọn ìyá wa fi ń pọn omi tutù ni mo ń wí.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ pé oògùn tán ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ má ṣe lo méjì ní ọjọ́ kejì láti fi dí èyí tí ẹ fò. Ẹ lo ọ̀kan bí ẹ ti ń lò ó, kí ẹ sì tẹ apòògùn láago láàárọ̀. Bí ó bá ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ẹnì kan bá yà sápá kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má gbé e wá sí ilé ìtajà oògùn, ẹ má sì fi oògùn kankan sí i lẹ́nu. Ẹ wo aago kí ẹ mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí dókítà yóò bèèrè, ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan mú ìwé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn dání.